Ìyá Ọmọ Ni, Kì Í Ṣe Àjẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Irú èrò bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdílé méjì di ọ̀tá ara wọn nínú ìjọ wa.

Igi máńgòrò gíga kan wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa, lójú ọ̀nà kànga. Abẹ́ rẹ̀ ni màmá opó kan ti ń ta ẹ̀pà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kannakánná já wá láti òkè, ó fi ẹnu ṣá ọmọkùnrin kan lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ilé gbogbo pé Màmá ẹlẹ́pà ló pa ara dà di ẹyẹ. Ẹ̀rí wọn ni pé ojoojúmọ́ ló ń jókòó sábẹ́ igi náà, síbẹ̀ ẹyẹ kò fọwọ́ kàn án. Àwọn òbí ní kí ọmọ wọn má ra ẹ̀pà mọ́. Ìyá ọmọ náà kò kí Màmá mọ́.

Kí á má parọ́, àwa pàápàá ti fi ọjọ́ méjì gbàdúrà lé ẹyẹ náà lórí láìgbójú sókè wo igi. Ní ọjọ́ Túsìdeè, Màmá wá bá wa. Ó ní, "Pásítọ̀, láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni mo di ẹyẹ?" Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn. A bá a jáde, a dúró lókèèrè, a sì wòkè.

Ìtẹ́ ni a rí ní ṣóńṣó igi, tí àwọn ọmọ ẹyẹ ń ké nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba abẹ́ igi kọjá lọ sí kànga ni àwọn òbí wọn ń lé, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń gbà yọ sí i. Nígbà tí a bi ọmọkùnrin náà léèrè, ó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń sọ òkò sí ìtẹ́ náà.

Kí Ló Ń Bí Ẹyẹ Nínú?

Kannakánná a máa sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 18 tàbí 19. Bí ẹyin bá pa, ọmọ a tún lò tó ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6 nínú ìtẹ́ kí ó tó lè fò. Àkókò yìí ni ìjà wọn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ mọ bí àgbébọ̀ ti ń ṣe bí ẹ bá sún mọ́ ọmọ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò bá Màmá jà? Ní ọdún 2006, ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Marzluff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìbòjú kan, wọ́n mú àwọn ẹyẹ kan tí í ṣe ẹbí kannakánná tiwa, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ìbòjú yẹn, ariwo ni wọ́n ń pa lé e lórí; kódà àwọn ẹyẹ tí a kò mú rí bá wọn dá sí i. Ẹyẹ mọ ojú ẹni tó ṣe é ní ibi. Màmá kò sọ òkò rí.

Ohun Tí A Ṣe

A fi okùn dí ọ̀nà abẹ́ igi, a la ọ̀nà mìíràn sí kànga. A kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé òkò kò tún gbọdọ̀ lọ sókè. Ẹni tí kò rí ibòmíràn gbà, kí ó ṣí agbòòrùn, kí ó sì máa rọra rìn. Ẹ má ṣe sáré. Ní ìlú Brisbane, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní magpie ti ń kọlu ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìyá kan ń yẹra fún ẹyẹ ní ọdún 2021, ó ṣubú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọlóṣù márùn-ún lọ́wọ́, ọmọ náà sì kú. Ìṣubú ló pa á, kì í ṣe ẹnu ẹyẹ. Bí ẹ bá sì rí ọmọ ẹyẹ nílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Òbí rẹ̀ kò jìnnà.

Àwọn kan ní kí á gé igi náà. Òótọ́ ni pé kannakánná ń gbé òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n ó tún ń kó òkú ẹran àti kòkòrò kúrò nílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Ọlọ́run tó pàṣẹ nínú Deuteronomi 22:6-7 pé kí á dá ìyá ẹyẹ sí mọ̀ pé ọkàn ìyá wà lára rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn gan-an ni a gbé ìsọ̀ Màmá lọ, kí gbogbo ìjọ lè rí i. Nígbà tó tó bí oṣù kan, àwọn ọmọ ẹyẹ fò lọ, ìjà sì tán. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá ọmọ náà fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Màmá kò sọ ohun púpọ̀. Ó yẹ orí ọmọ náà wò, ó sì bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, kí á tó pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wòkè.