Owó Ìjọba Lórí Iná Ilé Gbígbé àti Ilé Ìlú ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀nà tí owó náà ń gbà

Owó tí ìjọba ń ná kí iná lè tó, kí ó má sì ṣòfò, kì í sábà wọ ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló ń gbà: ilé ìjọba bí ilé-ìwé àti ilé ìlera, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta sólà fún ará ìlú.

Ìkòròdú ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ègbin wà, èyí tí a kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì. Ṣùgbọ́n inú wáyà gbogbo Nàìjíríà ni iná rẹ̀ ń wọ̀. Bí àdúgbò kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ ṣe sún mọ́ ọn kọ́ ni iná rẹ̀ ṣe ń tó.

Ilé-ìwé àti ilé ìlera

LSEB, àjọ tó ń rí sí iná mànàmáná ní Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, gbé sólà tí àpapọ̀ rẹ̀ tó 5 mẹ́gáwáàtì sí àwọn ilé-ìwé girama àti ilé ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba. DFID, tó jẹ́ ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ilé ìlera, iná yìí ni fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lò, òun náà sì ni agbẹ̀bí fi ń ríran lóru. Bí a kò bá nu eruku orí páńẹ́ẹ̀lì, agbára rẹ̀ á dín kù. Bí a bá sì so áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ́sì tí a kò ṣírò tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, bátìrì kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ilé gbígbé

REA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko. Ní oṣù Kejìlá 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún ètò DARES, kí iná lè dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17.5 ènìyàn ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ tó gbé iná wá ni owó ìrànwọ́ ń lọ bá, kí ohun tí oníbàárà yóò san lè wálẹ̀. Nínú ètò NEP tó ṣáájú rẹ̀, $350 ni wọ́n kọ́kọ́ ń san lórí ilé kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ bá so mọ́ iná abúlé, lẹ́yìn tí iná náà bá ti ń wá dáadáa fún 90 ọjọ́. Abúlé tí wáyà ìjọba kò dé ni irú ètò báyìí wà fún jù lọ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun ń ṣojú DARES, REA ni kí ará ìlú ti wádìí kó tó sanwó.

Ẹni tó ń kọ́lé

Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ìṣọ́nálò fún ilé kíkọ́ jáde. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò le: ojú fèrèsé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọlé tààrà, etí òrùlé yọ síta, afẹ́fẹ́ ráyè gba inú ilé kọjá. Ilé tó bá tutù báyìí kò ní í gbára lé ẹ́sì púpọ̀.

Ẹni tó ti nílé

Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù lọ, di ₦225 fún yúníìtì kan. Gílóòbù 60 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí 10 yóò jẹ ₦135 lójúmọ́ ní iye yẹn. LED 9 wáàtì yóò jẹ bíi ₦20. Nítorí náà, kí onílé kọ́kọ́ pààrọ̀ gílóòbù àti fìríìjì àlòkù tó ń jẹ iná kó tó ra sólà, torí bátìrì kékeré yóò tó o nígbà náà.

Ẹni tó bá ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú NHF, àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ tí òfin 1992 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, lè béèrè ẹ̀yáwó àtúnṣe ilé lọ́wọ́ báńkì FMBN. Gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.