Mánúà àti ọtomátíìkì nínú ọkọ̀ eré ìje

Àríyànjiyàn mánúà àti ọtomátíìkì jẹ́ awuyewuye ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eré ìje. Ó dá lórí irú gíà tí ó yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún pápá ìje, ṣùgbọ́n tí òfin gbà kí ẹni tí ó rà á máa wà á lójú pópó pẹ̀lú. Mánúà ni gíà tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí. Ọtomátíìkì ni èyí tí ọkọ̀ ń yí fúnra rẹ̀, tàbí tí awakọ̀ kàn ń fi ìka pàṣẹ fún. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń fi aago wọn eré, ọtomátíìkì ti borí. Síbẹ̀ awuyewuye náà kò tán, nítorí pé ohun tí àwọn olùfẹ́ mánúà ń béèrè kì í ṣe ohun tí aago lè dáhùn.

Ní etíkun Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà wà lẹ́nu àwọn awakọ̀ akérò àti àwọn mẹkáníìkì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń rò mọ́ ọn, kì í ṣe eré ìje.

Bí gíà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù kì í lágbára tó bí ó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yí kọjá ìwọ̀n kan kí ó má bàjẹ́. Àárín méjèèjì ni agbára rẹ̀ wà. Iṣẹ́ gíà ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní àárín yẹn, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra tàbí pé ó ti ń sá eré àsápajúdé. Gíà kìíní dà bí ìrìn ẹni tí ó ru ẹrù gun òkè: ẹsẹ̀ kúkúrú, agbára púpọ̀. Gíà òkè dà bí ìrìn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lójú ọ̀nà títẹ́jú.

Nínú mánúà, kílọ́ọ̀ṣì ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíà. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì àti àwọn táyà yóò pínyà fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ yóò yí gíà, ẹsẹ̀ yóò sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lójú pópó, ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kì í rò ó mọ́. Nínú pápá ìje, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ kọ́nà pẹ̀lú eré ńlá, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi orí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, kí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan náà tẹná fẹ́rẹ́, kí yíyí ẹ́ńjìnnì lè bá gíà ìsàlẹ̀ mu kí ó tó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yóò ta jìgì, àwọn táyà ẹ̀yìn lè yọ̀, ọkọ̀ a sì kọ ẹ̀yìn síwájú. Àṣìṣe tí ó náni lówó jù ni kí ọwọ́ tí ń wá gíà kẹrin bọ́ sí gíà kejì: àwọn táyà yóò fi tipátipá yí ẹ́ńjìnnì kọjá ìwọ̀n, ẹ́ńjìnnì náà sì lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúkọ kan náà ni a fi ń pe oríṣi ọtomátíìkì bíi mélòó kan tí wọn kò jọra. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lójú pópó ń lo ọ́ìlì: abẹ́ méjì tí ó rí bí àwokòtò kọjú sí ara wọn nínú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ọ̀kan náà ń rú ọ́ìlì, ọ́ìlì sì ń yí èkejì. Ọmọ Jámánì kan, Hermann Föttinger, ni ó gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1905, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ṣe é fún. Ọtomátíìkì tí a kọ́kọ́ ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Hydra-Matic ti General Motors, èyí tí ó jáde nínú Oldsmobile ti ọdún 1940.

Oríṣi tí àwọn ọkọ̀ eré ìje ń lò lónìí jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì méjì. Kílọ́ọ̀ṣì kan ló ni gíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún. Èkejì ló ni gíà kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ọkọ̀ bá wà ní gíà kẹta, ìkẹrin ti wọlé, ó ń dúró. Ohun tí ó kù ni kí kílọ́ọ̀ṣì kan tú, kí èkejì mú, kò sì tó ìṣẹ́jú tí a fi ń pa ojú dé. Lótìítọ́, mánúà méjì ni ó wà nínú irú àpótí yìí, kọ̀ǹpútà ni ó kàn gba iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ọtomátíìkì yìí wé ti ọkọ̀ àtijọ́ tí ó máa ń lọ́ra kò tíì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà.

Láti pápá ìje sí ojú pópó

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1989, Nigel Mansell gba ipò kìíní nínú ìdíje Formula One ní Jacarepaguá, ìlú Rio de Janeiro ní Bràsíìlì, pẹ̀lú Ferrari 640. Ọkọ̀ náà kò ní ọ̀pá gíà. Ìka ni awakọ̀ fi ń fa abẹ́ kékeré tí ó wà lẹ́yìn sítíárìn, ẹ̀rọ á sì yí gíà. John Barnard ni ó darí iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù fi tẹ̀ lé e, nítorí pé ọwọ́ méjì lórí sítíárìn sàn ju ọ̀kan lọ nínú kọ́nà.

Ferrari gbé irú gíà yìí wá sí ojú pópó nínú F355 ní ọdún 1997. Volkswagen fi oníkílọ́ọ̀ṣì méjì sínú Golf R32 ní ọdún 2003. Nígbà tí Nissan gbé GT-R jáde ní ọdún 2007, kò sí mánúà nínú rẹ̀ rárá.

Ọ̀ràn 911 GT3

Ọkọ̀ tí ó mú kí awuyewuye náà gbóná jù lọ ni Porsche 911 GT3. Láti ọdún 1999 tí ó ti kọ́kọ́ jáde ni ó ti jẹ́ mánúà. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, níbi àfihàn ọkọ̀ ní Geneva, Porsche gbé GT3 tuntun kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ pé PDK, ìyẹn gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ti iléeṣẹ́ náà, nìkan ni a lè bá rà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: ọkọ̀ pápá ìje ni GT3, PDK sì yára jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà kò sì jiyàn pé ó yára jù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kì í ṣe awakọ̀ tí a ń sanwó fún, kò sí ẹni tí yóò fún àwọn ní ife ẹ̀yẹ nítorí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ gan-an ni àwọn rà. Bí ọkọ̀ bá wá gba iṣẹ́ náà ṣe, kí ni àwọn sanwó fún?

Ìdáhùn Porsche wá díẹ̀díẹ̀. Cayman GT4 ti ọdún 2015 jẹ́ mánúà nìkan. Ní ọdún 2016, 911 R jáde, 991 péré ni wọ́n ṣe, mánúà sì ni gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó rà á fi ń rí ẹni tí yóò san owó tí ó ju iye iléeṣẹ́ lọ fíìfíì. Ní ọdún 2017, mánúà padà sínú GT3 fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, láìsan owó kún un. GT3 RS, tí ó tún súnmọ́ pápá ìje jù, dúró sórí PDK nìkan.

Nínú GT3 ti ọdún 2021, PDK ń gbé ọkọ̀ láti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3.4, mánúà ń lo 3.9. Mánúà fúyẹ́ jù ní kìlógíráàmù 17, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ dé òpin, 320 ni ó ń sá, PDK ń sá 318. Lórí pápá Nordschleife ní Nürburgring, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20.8 kìlómítà, ọkọ̀ náà pẹ̀lú PDK lo ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 59.9 ní ọdún 2021. Ní ọdún 2025, Jörg Bergmeister fi GT3 mánúà tuntun sá ọ̀nà kan náà ní ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 56.3. Àwọn olùfẹ́ mánúà yára gbá nọ́ńbà yìí mú, ṣùgbọ́n kò fìdí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2025 kì í ṣe ọkọ̀ ọdún 2021, awakọ̀ sì yàtọ̀. Ohun tí a lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé àdánù tí mánúà ń fà lórí ìyípo kan kéré débi pé àtúnṣe ọdún mẹ́rin sí ara ọkọ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀.

Toyota gba ọ̀nà méjèèjì. Ó ta GR Supra ní ọdún 2019 ní ọtomátíìkì nìkan, ó sì fi mánúà kún un ní ọdún 2022. GR Yaris bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mánúà ní ọdún 2020, ọtomátíìkì wá dé ní ọdún 2024 kí àwọn tí kò mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lè wà á.

Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, láti Máìlì 2 títí dé Sẹ̀mẹ̀, ni ibi tí àwọn awakọ̀ etíkun yìí ti ń dán gíà wò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí náà, ní Ọ̀jọ́, ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1975. Bràsíìlì ni èlò ara Beetle, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá, ti ń wá. Mánúà onígíà mẹ́rin ni Ìjàpá, lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí ń wakọ̀ lónìí sì ti kọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Tòkunbọ̀ ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn ọkọ̀ tí ń ti Yúróòpù gúnlẹ̀ sí Kùtọnu jẹ́ mánúà lọ́pọ̀. Àwọn tí ń ti Amẹ́ríkà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọtomátíìkì tán, nítorí pé mánúà ti di ohun tí a ń wá tì níbẹ̀. Bí Camry àti Corolla ti Amẹ́ríkà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ láìfọwọ́ kan ọ̀pá gíà ṣe ń pọ̀ sí i. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2017, ṣùgbọ́n nígbà náà àṣà ọtomátíìkì ti fìdí múlẹ̀.

Dáńfó kò bá wọn lọ. Mánúà ni Volkswagen aláwọ̀ ìyeyè tí ń kérò ní ojú ọ̀nà yìí, ìdí rẹ̀ sì pọ̀. Bí bátìrì bá kú, àwọn èrò lè bọ́ sílẹ̀ ti ọkọ̀ mánúà, kí awakọ̀ fi gíà kejì jí i. Ọtomátíìkì kò ṣeé jí bẹ́ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tí ó jẹ tán ṣeé pààrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárín ọjọ́ kan. Àpótí ọtomátíìkì tí a bu ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ sí, tàbí tí omi àgbàrá wọ̀, lè gba iye tí ó tó ìdá ńlá nínú owó ọkọ̀ kí ó tó tún rìn. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì kan fi máa ń yọ ọtomátíìkì kúrò nínú ọkọ̀ tí oníbàárà fẹ́ fi kérò, kí wọ́n sì fi mánúà rọ́pò rẹ̀. Nínú yanrìn etíkun pẹ̀lú, ẹni tí ó mọ kílọ́ọ̀ṣì lò lè mi ọkọ̀ síwá sẹ́yìn títí yóò fi jáde.

Bí ó ti wù kí ó rí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní agbègbè Òkòkòmáìkò ń bá ọtomátíìkì gbè. Ẹsẹ̀ òsì tí ó ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún wákàtí mẹ́ta kò ní gbàgbé. Ti epo, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbe mánúà láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní ọdún 2023, kì í ṣe òótọ́ ní gbogbo ìgbà mọ́: ó jẹ́ òótọ́ nípa ọtomátíìkì àtijọ́ onígíà mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti òde òní kì í jẹ epo ju mánúà lọ.

Ohun tí ó dun àwọn ọ̀dọ́ jù ni ti iṣẹ́. Ẹni tí ó mọ ọtomátíìkì nìkan kò lè gba dáńfó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi ọtomátíìkì ṣe ìdánwò ìwakọ̀ kò gbọdọ̀ wa mánúà, nígbà tí ẹni tí ó fi mánúà ṣe é lè wa méjèèjì.

Ọkọ̀ tí kò ní gíà tí a ń yí

Iléeṣẹ́ Ọ̀jọ́ tí ó to Ìjàpá pọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò Stallion nígbà tí ó yá. Ní ọdún 2020, Stallion fi Hyundai Kona oníná mànàmáná tí wọ́n tò pọ̀ ní Nàìjíríà hàn fún gbogbo ènìyàn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò mánúà tàbí ọtomátíìkì: agbára mọ́tò iná mànàmáná wà láti ìgbà tí ó bá ti ń gbéra, gíà kan ṣoṣo sì tó o.

Ní ọdún 2023, Hyundai kan náà gbé Ioniq 5 N jáde, ọkọ̀ oníná mànàmáná tí ó ṣe fún pápá ìje. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ fi gíà mẹ́jọ tí kò sí níbìkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí awakọ̀ bá fa abẹ́ tí ó wà lẹ́yìn sítíárìn, ọkọ̀ náà a ta jìgì bí ẹni tí ó yí gíà, ìró ẹ́ńjìnnì a sì yí padà láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè tẹ bọ́tìnì kan pa á.