Kí Ló Mú Kí Ọbẹ̀ Tó Hó Lánàá Kan Lónìí?

Nílé tí kò ní fíríìjì, tàbí tó ní in ṣùgbọ́n tí iná ọba kì í dúró, ẹni tó se ọbẹ̀ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gbé e kaná láàárọ̀, kí òun tún gbé e kaná lálẹ́. Bó bá fo ẹ̀ẹ̀kan péré, ọbẹ̀ á kan. Ti ilá kì í tilẹ̀ dúró de ìgbà tí wọ́n bá fò ó. Bí híhó bá ń pa kòkòrò, níbo ni èyí tó ba ọbẹ̀ jẹ́ ti wá?

Òmíràn bá ṣíbí wọlé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmíràn ti wà nínú ìkòkò látìbẹ̀rẹ̀, ó sì la híhó já. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus ń gbé inú ilẹ̀, ó sì ń bá ìrẹsì, ata àti ewébẹ̀ wọ ilé ìdáná. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di kóró. Á yọ omi inú ara rẹ̀ dànù, á fi èròjà tó ní kálísíọ̀mù dí ààyè omi náà, á sì wá fi èèpo lé èèpo bo ara rẹ̀. Kóró yìí kì í jẹun, kì í sì í dàgbà. Bíi hóró àgbàdo gbígbẹ inú àká ló rí: ẹ ó rò pé ó ti kú, títí omi á fi kàn án. Bakitéríà tí kò di kóró kì í pẹ́ kú nínú omi tó ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n kóró lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kó má kú.

Iná tí kò pa kóró tún lè jí i. Ooru bíi 70°C máa ń ta ọ̀pọ̀ kóró jí, tó fi jẹ́ pé bí ọbẹ̀ bá ti wá lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fa omi mu, èèpo á ya, bakitéríà á jáde. Kò ní rí ẹni bá a du oúnjẹ, torí híhó ti pa àwọn tí ì bá bá a dù ú. Clostridium perfringens, bakitéríà mìíràn tó ń di kóró, tó sì fẹ́ràn ẹran, tún rí èrè mìíràn jẹ: híhó ti lé ọ́síjìn kúrò nínú ọbẹ̀, òun kò sì fẹ́ ọ́síjìn. Ní nǹkan bíi 43°C sí 45°C, ọ̀kan lè di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá ronú nípa kúlà ńlá tí wọ́n kó ẹran àti ìrẹsì ayẹyẹ sí láago mẹ́fà àárọ̀, tí wọn ò ní ṣí títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Kúlà kò ní jẹ́ kó tutù, kò sì lè mú un gbóná.

Ìṣòro kóró yìí da onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ John Tyndall láàmú ní London. Omi koríko gbígbẹ tó ń ṣàyẹ̀wò lè hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó sì tún bà jẹ́. Ní 1877, ó yí ọgbọ́n padà: ó jẹ́ kó hó fún ìgbà díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ó tún jẹ́ kó hó, ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Omi náà kò bà jẹ́ mọ́. Àárín híhó kan sí èkejì ni iṣẹ́ wà: kóró tó bá jí lásìkò náà ti bọ́ èèpo sílẹ̀, híhó tó ń bọ̀ á bá a níhòòhò. Ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ nìyẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kò pé tó tirẹ̀, torí à ń ṣí ìkòkò bù ú. Àmọ́ bí àárín náà bá gùn jù, bakitéríà tó jí á ti bí sí i kí iná tó dé, ó sì lè ti ṣe májèlé.

Májèlé yẹn ni mo kà sí ewu tó tóbi jù. Èyí tí Bacillus cereus ń ṣe sínú ìrẹsì kì í ṣe ohun alààyè tí iná máa pa. Ó ń fara da 121°C fún wákàtí kan ààbọ̀. Láwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Britain bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìrẹsì díndín nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Àwọn alásè ti se ìrẹsì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìgbé e sí fíríìjì, nítorí èyí tó bá tutù jù máa ń lẹ̀ mọ́ra, kì í ṣeé dín dáadáa. Dídín pa bakitéríà, májèlé dúró. Ìrẹsì tó ti sun ìta mọ́jú, gbígbé kaná kò lè tún un ṣe.

Àwọn bakitéríà mìíràn, bíi Salmonella, E. coli àti Listeria, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di kóró. Tiwọn ni pé kí wọ́n gbọgbẹ́, kí wọ́n sì yè. Yìnyín inú fírísà máa ń gún awọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ á kú, àwọn tó kù á máa jò. Bí a bá gbé ẹran tó dì sílẹ̀ kó yọ́ nínú ooru ilé, inú omi ẹran tó ń ṣàn jáde ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n nílò láti wo ara wọn sàn. Wọn kì í bí sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dí ihò awọ wọn, wọ́n á tún purotéènì tó bà jẹ́ ṣe, èyí sì lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n wò lásìkò yìí lè rò pé kò sí nǹkan kan. Nínú láàbù, ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí wọ́n fi ń ṣa Salmonella jáde ló ní èròjà òróòro, kó lè dá àwọn bakitéríà mìíràn dúró. Salmonella tí ara rẹ̀ pé ń fara dà á. Èyí tó gbọgbẹ́ kò lè dàgbà níbẹ̀, èsì á sì jáde pé oúnjẹ mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sínú omi tó ní oúnjẹ tí kò le, ní 37°C, fún bíi wákàtí 18, kí aláìsàn gbádùn kí wọ́n tó wá a kiri.

Kíkan tí oúnjẹ kan ní látìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kì í pa kóró, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó hù. Tòmátò inú agolo kan tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà híhó lásán tó o. Ẹ̀wà àti ẹja inú agolo kò kan. Nítorí kóró bakitéríà kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, ooru gbọ́dọ̀ tó 121°C fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán, nínú ẹ̀rọ tí ìdérí rẹ̀ há pinpin. Ìkòkò ilé lásán kò lè dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ bí oúnjẹ ṣe ń yára tutù. Ìlànà tí àwọn ilé oúnjẹ ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kó ti 57°C bọ́ sí 21°C láàárín wákàtí 2, kó sì dé 5°C kí wákàtí 6 tó pé. Ìkòkò ńlá tó kún kò lè tutù tó bẹ́ẹ̀, ì báà wà nínú fíríìjì. Ẹ bu ọbẹ̀ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù, ẹ máa rò ó, kó tó wọ fíríìjì. Níbi tí kò bá sí iná, ẹ se ìwọ̀n tó máa tán lọ́jọ́ náà.