Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún màmá, ṣé kó wá nàró bí ọ̀dọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé màmá yín ń gbé ní Abigi, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ó ti pẹ́ tẹ́yìn ẹ̀ ti ń tẹ̀ síwájú. Bó bá ń lọ sọ́jà, á dúró lẹ́ẹ̀mẹta, á fọwọ́ ti itan, á fara ti ògiri kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbà pé àgbà ló dé, ó tán. Àgbà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yìn mìíràn wà tí iṣẹ́ abẹ lè tún ṣe. Ohun tó máa ń da ìdílé láàmú ni bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀hún dáa nígbà tí màmá bá padà délé.

Ohun tó ń tẹ ẹ̀yìn àgbàlagbà pọ̀. Eegun tó ti fẹ́lẹ́ lè rún mọ́ra, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí ìkejì sì lè jẹ tán. Ikọ́ ife pàápàá máa ń wọnú eegun ẹ̀yìn, ó sì máa ń sọ èèyàn di abuké. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Ẹ má rò pé ẹ̀yìn tó dáa máa ń gún gbọnrangandan bí òpó iná o. Bẹ́ ẹ bá wo èèyàn láti ẹ̀gbẹ́, ọrùn wọnú díẹ̀, òkè ẹ̀yìn yọ síta, ìbàdí tún wọnú. Bó ṣe rí yìí ló ń jẹ́ kórí wà lókè ìbàdí. Àwọn dókítà máa ń ya X-ray èèyàn lórí ìdúró, wọ́n á wá fa ìlà látìdí ọrùn lọ sísàlẹ̀. Bí ìlà náà bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, bí ìbú ìka mẹ́ta, bọ́ síwájú eegun ìdí, ara ti ń ré síwájú nìyẹn. Dókítà ará Faransé kan, Jean Dubousset, ṣàlàyé pé bórí bá ṣe ń kúrò lókè ẹsẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ń ṣiṣẹ́ tó, kéèyàn má baà ṣubú. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ màmá kó tó rìn jìnnà.

Nínà nìkan kọ́ niṣẹ́ abẹ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Dókítà Paul Harrington, ní Texas l'Amẹ́ríkà, ló mú kí ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń na ẹ̀yìn gbajúmọ̀. Irin yẹn ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn kan tí irin náà dé ìbàdí wọn rí i pé ìbàdí ti tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn ò lè nàró mọ́ àfi kí wọ́n tẹ orúnkún. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 tún fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń na ọ̀dọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n na àgbàlagbà. Bí wọ́n bá na arúgbó jù, eegun tó wà lókè ibi tí irin parí sí lè tẹ̀ kọdọrọ. Nítorí náà, bí màmá bá délé tó ṣì ń tẹ̀ díẹ̀, ẹ má tíì bínú sí dókítà.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ò jìnnà sí wa. Dókítà Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Ghana, ló dá FOCOS sílẹ̀ lọ́dún 1998, ilé ìwòsàn wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ákírà lọ́dún 2012. Ẹni tẹ́yìn ẹ̀ bá ti wọ́ jù, wọ́n máa ń fi òrùka irin dé e lórí, wọ́n á so ìwọ̀n mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ń dẹ́rù bani lójú, àmọ́ ó ń dẹ ẹ̀yìn. Nílé wa níbí, Igbobi l'Ékòó ti ń tọ́jú eegun láti 1945, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àwọn sójà tó fara pa lójú ogun. Ẹni tó ń bọ̀ láti Abigi lè kọ́kọ́ yà sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù.

Ó kan ilé wàyí. Ọwọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ màmá, nítorí ó kúrú, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi gbálẹ̀ tí ò ní bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí àpótí kúkúrú yan gàárì, kó má fami, kó má rẹrù, kó má sì gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun. Bó bá máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀, ẹ bá a bẹ̀ wọ́n, kó máa kí wọn lórí ìdúró. Ṣáláńgá tí wọ́n ń lóṣòó lé ò dáa fún un. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé àárín àga kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ọ̀hún tàbí fà á. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì máa jẹ ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà. Àmọ́ aáṣà! Àwọn màmá wa ò fẹ́ gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ aáṣà àti sìgá ò kì í jẹ́ kí eegun tètè so, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísopọ̀ eegun yẹn lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan.

Lóṣooṣù, ẹ ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá ti ń tẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ, tàbí tí eegun kan yọ gọngọ lókè ibi tí irin parí sí, ẹ gbé fọ́tò náà lọ bá dókítà. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ń kú, tí kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, tí ojú ọgbẹ́ ń sun omi, tàbí tí ara ẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín o. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kódà kó jẹ́ òru.