Àáró àti Òmìnira Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní Àwùjọ Yorùbá

Ní ọdún 1925, Marcel Mauss, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé pé ojúṣe mẹ́ta ló rọ̀ mọ́ ọrẹ: fífúnni, gbígbà àti sísan padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ òmìnira kù fún ẹni tí ojúṣe so mọ́ ẹlòmíràn?

Àṣà àáró dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba a máa ro oko ara wọn ní ìtẹ̀léra. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń san iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: olóko ni yóò bẹ àwọn ènìyàn, tí yóò sì bọ́ wọn; wọn kì í ka ọjọ́ síra wọn lọ́rùn.

A kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọ àáró. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ro oko tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn. Bí ó bá yẹ àdéhùn, orúkọ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Síbẹ̀, òun nìkan ló ni ìkórè rẹ̀. Bí ọ̀tún bá wẹ òsì, tí òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọ̀tún kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di òsì.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá pe àáró ní ìrànlọ́wọ́ lásán kò tíì kọ́ni tán. Lójú Yorùbá, òmìnira kì í ṣe àìjẹ gbèsè. Ipá àtisan án ni.