Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta fún Ẹrù Oko: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Bí A Ṣe Ń Gùn Ún Láìséwu

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ààrò kì í rìn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta a máa dúró ṣinṣin níbi tí a bá gbé e sí, ṣùgbọ́n bí a bá fi eré yà á, ó lè da ẹrù nù, kí ó sì da ènìyàn nù pẹ̀lú.

Nígbà tí Ọ̀gágun Buba Marwa ń ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1996 títí di 1999, ni irú kẹ̀kẹ́ yìí gba orúkọ Márúwá. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni ìbátan rẹ̀ tí ó ní àpótí ẹrù lẹ́yìn, tí ó lè kó kòkó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọ̀nà Ìfẹ́tẹ̀dó àti Olódè wọ ìlú.

TÍTÒ RẸ̀

1. Bí ó bá dé ní títú, ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ to gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù sí i, kí ẹ sì kà wọ́n pẹ̀lú ìwé tí ó bá a wá.

2. Ẹ fi igi tí ó le gbé e dúró. Ẹ de ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ mì sọ́tùn-ún sósì.

3. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ fi sípánà dè é. Ẹ má ṣe fi wáyà rọ́pò nọ́ọ̀tì.

4. Atẹ́gùn inú táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọdọ̀ dọ́gba, nítorí kẹ̀kẹ́ a máa fà sí ìhà táyà tí ó rọ̀.

5. Ẹ dán bíréèkì wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí ẹrù. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè.

GÍGÙN RẸ̀

Ẹni tí alùpùpù ti mọ́ lára a máa dẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ń yà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í dẹ̀. Bí ẹ bá sáré yà sí ọ̀tún, ẹrù yóò tì sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò sì gbéra nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ̀rọ̀, kì í ṣe nínú rẹ̀.

Ẹrù wíwúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sì dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá pọ̀ jù ní ìparí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú yóò fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Ẹ rántí pé àpò kòkó gbígbẹ 8 tó nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù. Ẹ má ṣe kọjá ìwọ̀n tí ìwé kẹ̀kẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lórí ẹrù.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà kékeré ni kí ẹ wọ̀ láti òkè wá. Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnnì láti fi epo pamọ́, nítorí bíréèkì nìkan yóò gbóná, yóò sì kọ̀ṣẹ́.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní kẹ̀kẹ́ kan yan ẹni tí yóò máa yẹ táyà, bíréèkì àti ọ́ìlì wò láràárọ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí awakọ̀ tuntun kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí pápá láìsí ẹrù. Kòkó tí ó dà sí kòtò ṣe é kó. Ẹ̀mí kò ní àrọ́pò.