Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì jíìpù yín, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀wò kí ẹ tó ra òmíràn

Láti Apo nílùú Àbújá dé Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra, láti ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó dé Suame Magazine nílùú Kumasi lórílẹ̀èdè Ghana, iṣẹ́ òòjọ́ àwọn mẹkáníìkì ni láti yọ ẹ́ńjìnnì tó ti kú kúrò nínú jíìpù, kí wọ́n sì fi tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Láti ìgbà tí owó náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní jíìpù tí ara rẹ̀ ṣì le, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, lè rí i pé pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rọrùn ju kóun wá owó ọkọ̀ mìíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀ padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn kan. Ọkọ̀ ń gbọ̀n bó bá dúró lójú kan, kò lágbára láti gun òkè, ó ń mu epo bí ẹni ń mu omi, iná "check engine" sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rà kò dára. Owó mìíràn á tún jáde, ẹ́ńjìnnì kejì á wọlé, àìsàn àkọ́kọ́ kò sì ní lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì tuntun náà ni àléébù wà, bí kò ṣe nínú àwọn nǹkan tó so ó mọ́ ọkọ̀.

Báwo ni ẹ́ńjìnnì tó dára ṣe lè máa ṣe bí èyí tó bàjẹ́?

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bẹntiróòlù nílò nǹkan mẹ́ta: afẹ́fẹ́, epo àti iná tí plug ń ṣá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé ní ìwọ̀n tó yẹ, lásìkò tó yẹ.

Nínú ọkọ̀ òde òní, brain box ló ń ṣe ìṣirò náà. Àwọn sensor tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti sàlẹ́ńsà ló ń jíṣẹ́ fún un, òun náà á wá pàṣẹ iye epo tí nozzle yóò tú àti ìgbà tí plug yóò ṣáná.

Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, apá kan ètò yìí di tuntun, apá kejì sì wà bó ṣe wà. Wáyà, brain box, táńkì epo, pọ́ǹpù epo àti sàlẹ́ńsà sábà máa ń jẹ́ ti ọkọ̀ àtijọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá bá ẹ́ńjìnnì tuntun mu, tàbí tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù.

Ṣé ẹ́ńjìnnì kan náà ni lóòótọ́?

Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Orúkọ ẹ́ńjìnnì lè dọ́gba, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi Toyota 4Runner ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì V6 oní lítà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 1GR-FE ló wà nínú 4Runner onísílíńdà mẹ́fà ti ọdún 2003 sí 2009. Orúkọ yìí kan náà ló wà lára ti ọdún 2010, àmọ́ wọ́n ti fi ẹ̀rọ VVT-i kún un níbi tí èéfín ń gbà jáde, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nìkan ló wà tẹ́lẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì ọdún 2010 sínú ọkọ̀ ọdún 2005, brain box àtijọ́ kò mọ̀ pé àwọn sensor àti ẹ̀rọ tuntun náà wà rárá. Kò sì lè darí ohun tí kò mọ̀.

Wíwo ọdún nìkan kò sì tó. Toyota Tacoma tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ṣì ń lo irú 1GR-FE ti àkọ́kọ́ títí di ọdún 2015. Nítorí náà, ẹ bèèrè ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ sì fi ẹ́ńjìnnì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ ka iye sensor àti ibi tí wáyà ń wọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú gbé brain box tó bá ẹ́ńjìnnì wá wọlé. Èyí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ brain box ló ti mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ti wá, nítorí ètò tó ń dènà olè. Bí ọkọ̀ bá ń ṣáná, tó sì ń kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé brain box kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín ni.

Kí ni iná "check engine" ń sọ?

Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ètò OBD-II. Ètò yìí ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ scanner lè ka àṣìṣe tí brain box ti kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù tòkunbọ̀ tó wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní i.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn àmì náà sílẹ̀, kí wọ́n pa wọ́n rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí wọ́n sì tún un kà. Àmì tí kò padà wá lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tàbí èyí tó wọlé nígbà tí wọ́n ń tú wáyà.

Díẹ̀ nínú àwọn àmì tó wọ́pọ̀ nìyí:

- P0300: epo kò jóná dáadáa nínú sílíńdà, kì í sì í ṣe sílíńdà kan ṣoṣo. P0301 ń tọ́ka sí sílíńdà kìn-ín-ní, P0302 sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ.
- P0171 àti P0174: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ ní apá kan tàbí apá kejì ẹ́ńjìnnì.
- P0335 àti P0340: brain box kò gbọ́ ìró dáadáa láti ọ̀dọ̀ sensor tó ń ka yíyí crankshaft tàbí camshaft.
- P0016: yíyí crankshaft àti camshaft kò bára mu. Ó lè jẹ́ pé timing ti yẹ̀.

Àmọ́ àmì kì í ṣe ìdájọ́. P0171 kò sọ pé kí ẹ lọ ra sensor. Ó kàn ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni.

Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé

Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ibi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ ni àwọn rọ́bà kéékèèké tó ń fa afẹ́fẹ́. Ẹyọ kan tí wọ́n gbàgbé láti fi padà, tàbí gasket tó ti ya, ti tó láti da ìṣirò brain box rú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró lójú kan, àmọ́ ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀ bí eré bá ti wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé nígbà tó bá ń gun òkè tàbí tó ń sáré ni àmì P0171 ń yọ, epo tí kò tó ló yẹ kí wọ́n fura sí.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fọ́n òògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí ibi tí wọ́n fura sí láti mọ̀ bóyá ìró ẹ́ńjìnnì máa yí padà. Òògùn yìí lè gbaná lára ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pa, kí wọ́n lè rí ibi tó ń jò, kò léwu tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà, earth àti coil

Wáyà earth ni wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ àti bátìrì. Ó rọrùn láti gbàgbé, tàbí láti dè é mọ́ ibi tí ọ̀dà tàbí ìpẹtà wà. Bí kò bá múlẹ̀, sensor á máa parọ́, iná plug á máa rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ha ibẹ̀ títí irin á fi yọ, kí wọ́n sì dè é le.

Bó bá jẹ́ sílíńdà kan ló ń dùn wọ́n, ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ lára ọkọ̀ tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní coil tirẹ̀. Ká ní P0301 ló yọ, ẹ gbé coil sílíńdà kìn-ín-ní sí orí ìkejì. Bí àmì bá yí sí P0302, coil ló bàjẹ́. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, ẹ yẹ plug, nozzle àti wáyà sílíńdà náà wò.

Àìsàn tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ jíìpù ló ti jókòó sí ọgbà mẹkáníìkì fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Epo inú táńkì á ti bàjẹ́, ìdọ̀tí á ti dí filter, pọ́ǹpù náà sì lè ti rẹ̀. Kí wọ́n fi gauge wọn agbára tí epo fi ń dé ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà.

Sàlẹ́ńsà náà ń kó àìsàn pamọ́. Bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bá ti ń jẹ ọ́ìlì kó tó kú, ọ́ìlì náà lè ti ba catalyst inú sàlẹ́ńsà jẹ́, kó sì dí i. Ẹ́ńjìnnì tuntun á wá dà bí ẹni tí wọ́n di nímú. Á ṣáná dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, agbára á tán.

Ìgbà tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rárá

Jíìpù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́lẹ̀ ní àwọn nǹkan tí ọkọ̀ kékeré kò ní. Bí gbígbọ̀n bá ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì balẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, ẹ yẹ propeller wò. Bó bá ń gbọ̀n tí kò sí àmì kankan nínú scanner, engine seat tó ti rẹ̀ lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wò ó dáadáa pẹ̀lú bóyá wọn kò gbàgbé gíà ẹsẹ̀ mẹ́rin sórí 4H tàbí 4L. Lórí títì ọlọ́dà tó gbẹ, jíìpù tí kò ní ohun tó ń pín agbára láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn á máa le bíi pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀ bó bá fẹ́ yà. Ó sì lè ba gíà jẹ́.

Nígbà wo ni ẹ̀bi di ti ẹ́ńjìnnì?

Bí gbogbo èyí bá dára, ìgbà náà ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò compression. Wọ́n á yọ plug, wọ́n á sì fi gauge wọn agbára inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, ìyàtọ̀ tó wà láàárín sílíńdà kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 15 psi lọ.

Èéfín tó ní àwọ̀ aró, omi rédíétọ̀ tó ń dín láìjò síta, tàbí ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà, ẹ̀rí ni pé inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ lè gbé irú ẹ̀rí yìí padà tọ ẹni tó tà á lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ ní láti dán an wò sórí rìsíìtì, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò compression kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, bí ààyè bá wà.

Ẹ má ṣe gbàgbé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì

Nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì tuntun kò ní bá ìwé ọkọ̀ yín mu mọ́. Bí ọlọ́pàá bá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, ìbéèrè lè dé lórí bóyá wọ́n jí ẹ́ńjìnnì náà ni. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tó ní nọ́ńbà náà, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìwé yín.

Ní kúkúrú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó kéré sí: kíka àmì, rọ́bà afẹ́fẹ́, wáyà earth àti coil. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn epo, kí ẹ wo sàlẹ́ńsà, kí ẹ sì wọn compression. Mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì kejì láìṣe àwọn àyẹ̀wò yìí, owó yín ló fẹ́ fi wádìí.